Bàtà Tí Kò Jẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Múlẹ̀

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òwe, àrọ̀ àti ìtumọ̀ orúkọ ni a sábà máa ń bá ara wa sọ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ bàtà ni mo gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Èdè wa ni ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi nípa bàtà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Èmi ni n kò fetí sílẹ̀, ìyá mi ni ó sì jìyà rẹ̀.

Ní ọdún 2010, mo wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún ẹ̀kọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn obìnrin nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n wọ bàtà kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Iwájú rẹ̀ ká sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ká sókè, àárín rẹ̀ nìkan ni ó ń kan ilẹ̀. Bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá dúró, ńṣe ni yóò máa mì síwájú, tí yóò sì máa mì sẹ́yìn. Àwọn tí ń tà á sọ pé mímì yẹn gan-an ni oògùn tí ó wà nínú rẹ̀: nítorí pé bàtà náà kò dúró sójú kan, iṣan ẹsẹ̀ àti ti ìdí yóò máa ṣiṣẹ́ láìsinmi láti gbé ara ró, ara yóò le, ọ̀rá yóò yọ́, láìjẹ́ pé ènìyàn ṣe ju kí ó máa rìn lọ bí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀.

Màámi wà ní Ìbàdàn nígbà náà, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Gbági. Ìjókòó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, orúnkún sì ti ń dùn wọ́n. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn ní àràárọ̀. Èmi ọmọ wọn, tí mo wà lókè òkun tí n kò lè bá wọn rìn, mo ra bàtà yìí fún wọn. Owó tí mo fi rà á lè ra bàtà mẹ́ta mìíràn, mo sì gbà pé ohun tí ó bá wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò lè má dára. Màámi gbà á, wọ́n gbàdúrà fún mi. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n bàtà yìí mà ń fì mí o. Ó dà bí ẹni pé inú ọkọ̀ ojú omi ni mo dúró sí." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ máa wọ̀ ọ́, yóò mọ́ yín lára."

Kò mọ́ wọn lára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò tí ì pé oṣù kan tí wọ́n gbà á, wọ́n ń kọjá lórí pákó tí a fi sọdá gọ́tà iwájú ilé wa. Pákó tí wọ́n ti ń gbà kọjá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni. Ọrùn ẹsẹ̀ òsì wọn yí, bàtà náà yí tẹ̀lé e, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún láti gba ara wọn dúró, ọrùn ọwọ́ náà sì dá. Egungun náà jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò tún ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn wọn aṣọ ní ọ̀pá, ẹlòmíràn ni ó sì ń bá wọn ká a. Ẹni tí ó bá mọ oníṣòwò aṣọ yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún un.

N kò lè búra pé bàtà náà nìkan ni ó jẹ̀bi. Pákó lè yọ̀. Àgbà lè ṣubú pẹ̀lú bàtà, ó sì lè ṣubú láìwọ bàtà. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa irú bàtà yìí, èrò mi sì ti dúró sójú kan. Bàtà tí a dìídì ṣe kí ó má baà fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò yẹ ní ẹsẹ̀ ẹni tí oníṣègùn kò ní kí ó wọ̀ ọ́, pàápàá jù lọ ẹsẹ̀ àgbàlagbà.

Ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀?

Ní ọdún 1996, ọ̀gbẹ́ni Karl Müller, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, gbé bàtà kan jáde tí a ń pè ní MBT. Lẹ́tà M inú orúkọ náà dúró fún Masai, àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbé ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìrìn àwọn Masai dára, ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán, nítorí pé orí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú ni wọ́n ń rìn. Nítorí náà, kí a ṣe bàtà tí yóò sọ ojú ọ̀nà tí a fi kọnkéré ṣe di ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Sálúbàtà pẹlẹbẹ tí a gé lára awọ ẹran tàbí lára táyà ọkọ̀ ni a mọ̀ mọ́ àwọn Masai. Ilẹ̀ ni kò tẹ́jú, bàtà wọn tẹ́jú. Orúkọ àwọn ènìyàn wa ní Áfíríkà ni a yá láti fi ta bàtà tí kò jọ bàtà wọn rárá.

Ní ọdún 2009, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà wọ inú òwò náà. Skechers gbé Shape-ups jáde, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ká bíi ti MBT. Reebok gbé EasyTone jáde. Ti èyí kò ká bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun rìbìtì bí àpò tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ sí abẹ́ iwájú àti abẹ́ gìgísẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà rí ibi jókòó sí. Ìpolówó wọn gbòde kan. Ní oṣù kejì ọdún 2011, Kim Kardashian polówó Shape-ups níbi ìdíje àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, níwájú ọ̀kẹ́ àìmọye òǹwòran.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èyí kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Reebok ti sọ nínú ìpolówó rẹ̀ pé EasyTone ń mú iṣan ìdí ṣiṣẹ́ ju bàtà lásán lọ ní ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó sì ń mú iṣan ẹ̀yìn itan àti ti ẹ̀yìn ojúgun ṣiṣẹ́ jù ú lọ ní ìdá 11. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ òwò, ìyẹn Federal Trade Commission, ní kò sí ẹ̀rí tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, Reebok gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là padà fún àwọn tí ó rà á. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, Skechers náà gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là. Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì kò gbà pé àwọn jẹ̀bi. Wọ́n ní kí ẹjọ́ lè parí ni àwọn fi san án. Kí a sì sọ òtítọ́: ẹ̀sùn ìpolówó tí kò ní ẹ̀rí ni ẹ̀sùn àjọ náà, kì í ṣe ẹ̀sùn pé bàtà náà ń ṣe ènìyàn léṣe. Ọ̀rọ̀ ìpalára dá dúró ní tirẹ̀.

Kí ni àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò rí?

Ní ọdún 2010, àjọ kan tí ń rí sí eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, American Council on Exercise, bẹ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Wisconsin tí ó wà ní La Crosse lọ́wẹ̀ láti dán àwọn bàtà yìí wò. Wọ́n mú àwọn obìnrin, wọ́n ní kí wọ́n rìn lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú MBT, pẹ̀lú Shape-ups, pẹ̀lú EasyTone àti pẹ̀lú bàtà ìsáré lásán. Wọ́n wọn bí iṣan wọn ti ń ṣiṣẹ́ tó àti bí agbára tí ara wọn ń lò ti pọ̀ tó. Àwọn bàtà olówó ńlá náà kò fi ohun kan gbòógì ju bàtà lásán lọ. Èrè tí a torí rẹ̀ fara da mímì kò sí níbẹ̀.

Ewu rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ti lè fi ẹjọ́ ọjà tí ó ṣe é léṣe sùn. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ìwé ìròyìn Consumer Reports fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì rí i pé ẹjọ́ ìpalára tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wọ irú bàtà yìí pọ̀ ju ti ọjà mìíràn lọ. Ó jẹ́ 36. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìrora ẹsẹ̀, ti iṣan tàbí ti ìgbáròkó. Ṣùgbọ́n 15 nínú wọn jẹ́ ti egungun tí ó dá. Ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn fẹnu ara wọn rò ni, kì í ṣe ìdájọ́ ilé ẹjọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí ẹni 36 bá wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì ń sọ ohun kan náà nípa bàtà, ó yẹ kí olóye dúró gbọ́.

Ohun tí èdè wa ti sọ tẹ́lẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá mi dúró sí díẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tí ó tẹ́ sí abẹ́ ẹsẹ̀ ni, bí àtẹ́lẹwọ́ ti jẹ́ ibi tí ó tẹ́ nínú ọwọ́. Nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni "tẹ́" wà, èyí tí a bá nínú "tẹ́jú" àti nínú "tẹ́ ẹní". Àwọn tí ó sọ ibẹ̀ lórúkọ mọ̀ pé títẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá dúró dáadáa, a ó ní ó fẹsẹ̀ múlẹ̀: ìjọba fẹsẹ̀ múlẹ̀, òwò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìgbéyàwó fẹsẹ̀ múlẹ̀. A kò rí ohun mìíràn tí a lè fi ṣe àpèjúwe ìdúróṣinṣin ju ẹsẹ̀ tí ó di ilẹ̀ mú lọ. Bí ẹnìkejì bá fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, kíákíá ni a ó ti ní "Pẹ̀lẹ́ o", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ̀ ọ́n rí. Àwa kò fi ìkọsẹ̀ ṣeré.

Ẹ tún wo ìkòkò wa àtijọ́. Ìdí rẹ̀ rí roboto, kò lè dá dúró lórí ilẹ̀ gbalasa. Kí ni ìyá àgbà máa ń ṣe? Yóò fi òṣùká sí abẹ́ rẹ̀. Òun náà mọ̀ pé ìdí roboto ń yí. Nítorí náà ni ó ṣe wá ohun tí yóò dá a dúró. Kò sí ìyá àgbà kan tí yóò yọ òṣùká kúrò lábẹ́ ìkòkò omi, kí ó ní mímì yóò mú kí ìkòkò lágbára sí i. Ohun tí Màámi sì sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn nígbà tí wọ́n ní bàtà náà ń fì wọ́n. Ìmọ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ìpolówó ni èmi fi dá wọn lóhùn.

Bí ó ti ń pa ni lára

Ekíní, gíga. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó gbé gìgísẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti ga sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí yóò fi yí yóò ti pọ̀ tó nígbà tí ó bá tẹ òkúta tàbí etí gọ́tà. Ẹni tí ó bá rántí bàtà gogoro tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀ ní àwọn ọdún 1970 yóò rántí iye ọrùn ẹsẹ̀ tí ó rọ́ nígbà náà.

Èkejì, rírọ̀. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó máa ń sọ fún ọpọlọ bí ilẹ̀ ti rí, kí ọpọlọ tó pàṣẹ fún iṣan láti gbé ara ró. Bí ohun rírọ̀ tí ó nípọn bá wà láàárín wọn, ìròyìn náà kì í dé kedere. Kí iṣan tó gbọ́, ẹsẹ̀ ti yí.

Ẹ̀kẹta, ìrìn tí ó yí padà. Ìsàlẹ̀ tí ó ká ń gbé ẹrù ara kúrò ní ibi tí ó ti mọ́ lára, ó sì ń gbé e lọ sí ibòmíràn: sí iṣan ńlá tí ó wà lókè gìgísẹ̀, sí egungun iwájú ẹsẹ̀, sí orúnkún àti ìgbáròkó. Bí ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́, iṣan lè wú, egungun pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í sán díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà ṣubú rárá. Ìrora tí kò lọ bọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn.

Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ orí. Bí a ti ń dàgbà ni ojú ń ṣe bàìbàì, tí iṣan ń dẹ̀, tí ara sì ń pẹ́ kí ó tó gba ara rẹ̀ dúró. Egungun obìnrin a sì máa fúyẹ́ sí i lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró. Ìṣubú tí ọmọ ogún ọdún yóò fi rẹ́rìn-ín lè dá ìgbáròkó ìyá àgbà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ìgbáròkó rẹ̀ bá dá ní ọjọ́ ogbó ni kì í sì tún rìn bíi ti àtijọ́ mọ́. Ohun tí ó bani lọ́kàn jẹ́ níbẹ̀ ni pé irú àwọn ènìyàn yìí gan-an, tí orúnkún ń dùn tí ara sì wúwo, ni ìpolówó náà ń fà mọ́ra jù.

Ohun tí a lè fi ta kò mí

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Ṣé àwọn oníṣègùn kì í lo bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká ni?" Wọ́n ń lò ó. Ẹni tí oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan, tàbí ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe tí a kò fẹ́ kí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gba ẹrù jù, irú wọn lè nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣègùn ni ó wo ẹsẹ̀ wọn, òun ni ó yan bàtà náà, òun ni yóò sì máa ṣàyẹ̀wò wọn. A kì í torí pé oògùn wo ẹnìkan sàn kí a máa pín in lọ́jà bí àkàrà.

Ẹlòmíràn yóò ní àwọn tí ń tọ́jú iṣan máa ń gbé ènìyàn dúró sórí pákó tí ń mì, kí ọrùn ẹsẹ̀ tí ó rọ́ lè padà bọ̀ sípò. Òótọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n inú yàrá ni, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ohun tí a lè dì mú nítòsí. Kì í ṣe lórí àtẹ̀gùn, kì í ṣe níbi tí ọ̀kadà ti ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹni, kì í sì í ṣe lórí pákó gọ́tà. Ẹni tí ó bá wá wọ pákó yẹn sí ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ti kúrò nínú ìtọ́jú, ó ti bọ́ sínú ewu.

Àwọn kan yóò sì sọ pé ayé bàtà náà ti lọ, kí ni mo tún ń pariwo fún? Bàtà tí ó bá kúrò lójú àtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù kì í kúrò láyé. Ọjà òkìríkà wa ni ọ̀pọ̀ irú wọn ń bá lọ, níbẹ̀ sì ni a kì í ti bá ìwé ìkìlọ̀ nínú páálí, nítorí pé páálí náà kò sí. Mo ti rí wọn níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi, tí a kó wọn jọ pẹ̀lú bàtà ìsáré, tí olùtajà ń pariwo pé "bàtà oníjìmù ni o!" Ìsàlẹ̀ wọn ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tí ó mú kí mímì wọn burú ju ti ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun lọ.

Kí ni kí a ṣe?

Kí o tó ra bàtà ìrìn, gbé e sórí tábìlì, kí o fi ìka kan tẹ iwájú rẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá fò sókè, tí gbogbo rẹ̀ sì ń mì bí igbá tí a gbé sílẹ̀ láìsí òṣùká, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Yan èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí kò nípọn jù, tí ó di gìgísẹ̀ mú, tí kò sì yọ̀. Bí o bá ti ní irú bàtà yẹn nílé, tí o sì rí i pé ẹsẹ̀ tàbí ìgbáròkó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí o ti ń wọ̀ ọ́, bọ́ ọ, kí o sì lọ rí oníṣègùn. Má ṣe fi í ta àgbàlagbà lọ́rẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìdúró, kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ó máa fi ọwọ́ kan ògiri náà. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìrìn fúnra rẹ̀ ni eré ìdárayá. Bàtà kò lè bá wa rìn ín. Ohun tí ìpolówó náà tà fún wa ni ìlérí pé a lè jèrè iṣẹ́ tí a kò ṣe, èmi náà sì rà á nítorí pé ó rọrùn fún mi láti fi bàtà ránṣẹ́ ju kí n wá ọ̀nà tí ẹnìkan yóò fi máa bá ìyá mi rìn ní òwúrọ̀. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni kí n ti pe àbúrò mi, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa mú ọwọ́ Màámi dání fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó mú. Ìyẹn ni a padà ṣe nígbà tí ọwọ́ wọn jinná. Sálúbàtà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń wọ̀ rìn, orúnkún wọn sì fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ń ra ẹ̀bùn fún àwọn tí ó wà nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí òbí yín bá sọ lórí fóònù pé ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ ń fì wọ́n, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà wọ́n gbọ́.

A kò ní rin ìrìn àrìnfẹsẹ̀sí o. Ó di ìgbà mìíràn ná.